Àkúrẹ́ sí Yólà nínú bàálù: báwo ló ṣe jìnnà tó, wákàtí mélòó sì ni?

Àrẹ̀mọ Ọ̀bà-Ilé (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Yólà láàárọ̀ òní, ọmọkùnrin làǹtìlanti. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní Modibbo Adama University níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ sì ni ìsọmọlórúkọ. Màmá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò sì wọ bàálù rí. Kí n tó délé, wọ́n ti di ẹrù tán. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa bá àwọn wẹ ọmọ ọmọ àwọn.

Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní láti pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ dé ti Yólà jẹ́ kìlómítà 817, pé wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 31 ni bàálù máa lò. Inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tí mo wá tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò rí bàálù kan tó ń gbéra ní Àkúrẹ́ tó máa balẹ̀ sí Yólà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń lọ? Ọjọ́ wo ló yẹ kí màmá gbéra? Wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé òótọ́ ni?

Onímàápù

Ẹ kú oríire, Àrẹ̀mọ. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí, á jẹ́ kó gbó, kó tọ́.

Òótọ́ ni 817 yẹn. Ẹ lè fúnra yín ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ tẹ ìka mọ́ pápákọ̀ méjèèjì lórí Google Maps, nọ́ńbà méjì méjì máa jáde. Ti Àkúrẹ́ sún mọ́ 7.25 sí àríwá àti 5.30 sí ìlà-oòrùn. Ti Yólà sún mọ́ 9.26 àti 12.43. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan nínú èkejì, dígírì 2.01 ni Yólà fi ga sí àríwá ju Àkúrẹ́ lọ, dígírì 7.13 ló sì fi wọ ìlà-oòrùn lọ. Dígírì kan sí àríwá tó kìlómítà 111. Dígírì kan sí ìlà-oòrùn tó nǹkan bí 110 ní agbègbè tiwa níbí, torí pé àwọn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù lórí máàpù ń sún mọ́ra wọn béèyàn bá ṣe ń kúrò ní agbedeméjì ayé. Ìyẹn fún wa ní kìlómítà 223 sí òkè àti 784 sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fi lọ́po ara rẹ̀ tó máa fún yín ní àpapọ̀ yẹn. Ẹ máa rí nǹkan bí 815. Kìlómítà méjì tó kù, torí pé mo gé àwọn nọ́ńbà kúrú ni.

Bí wọ́n ṣe rí ìṣẹ́jú 31 yẹn náà kò le. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé tó ń ṣe ìṣirò báyìí gbà pé gbogbo bàálù ló ń sá máìlì 500 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 805. Wọ́n á fi ìyẹn pín 817, á fún wọn ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ó parí. Kò sẹ́ni tó wò ó bóyá bàálù ń ná ọ̀nà yẹn. Ẹ fún un ní pápákọ̀ méjì èyíkéyìí láyé, kódà èyí tí koríko ti bo ojú rẹ̀, á fún yín ní wákàtí àti ìṣẹ́jú.

Ojú ọ̀nà tí màmá máa gbà gangan ló yẹ ká wọ̀n. Mo ṣírò ọ̀nà méjèèjì fún yín. Tí wọ́n bá gba Àbújá: Àkúrẹ́ sí Àbújá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 292, Àbújá sí Yólà jẹ́ 569. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 861, ó fi díẹ̀ ju ìlà tààrà lọ. Tí wọ́n bá gba Èkó: Àkúrẹ́ sí Èkó jẹ́ 231, Èkó sí Yólà jẹ́ 1,048. Ìyẹn jẹ́ 1,279. Ní ti ọ̀nà Èkó, màmá á kọ́kọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á tún wá padà kọjá lókè orí ìlú tí wọ́n ti gbéra.

Ọmọ Ìjàpọ̀

Ẹ kú oríire o. Mo gbọ́ ìṣirò Onímàápù, àmọ́ Èkó ni mo máa dìbò fún. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí Èkó. Tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ bá fagi lé ìrìn àjò, ẹ ó rí òmíràn bá lọ, bí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn, á jẹ́ ọjọ́ kejì. Àti Àkúrẹ́ sí Èkó, tí bàálù bá kọ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ ṣì wà. Tí Àkúrẹ́ sí Àbújá bá kọ̀ ńkọ́? Ṣé màmá máa wọ mọ́tò gba Lọ́kọ́ja ni?

Awakọ̀ Ọ̀wọ̀

Ọmọ Ìjàpọ̀, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo ń wa ọkọ̀ lọ sókè ọya látijọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a lábàá. Àkúrẹ́ sí Yólà lórí ilẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ẹ ó gba Ọ̀wọ̀, ẹ ó já sí Lọ́kọ́ja, ẹ ó lọ sí Mákúrdì, Wúkàrí, Jàlíngò, kẹ́ ẹ tó rí Yólà. Kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan fún àgbàlagbà. Ojú ọ̀nà ò dáa, ààbò ò sì dájú láwọn ibì kan níbẹ̀. Màmá tó ti lé ní àádọ́rin? Ká má tiẹ̀ sọ ọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ lọ sí Benin kẹ́ ẹ wọ bàálù Àbújá níbẹ̀. Bàálù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n ti lórúkọ burúkú nítorí àwọn ajínigbé, mi ò ní gbé màmá tèmi gbabẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ rìn lórí ilẹ̀, apá Iléṣà sí Ìbàdàn sí Èkó ni kẹ́ ẹ dojú kọ, kẹ́ ẹ sì tètè jáde láàárọ̀.

Ẹ̀rọ Òfurufú

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí wákàtí, torí ohun tí àwọn èèyàn kì í bìkítà fún nìyẹn títí tí wọ́n á fi pàdánù bàálù kejì.

Bàálù ò sí ní oríṣi kan. ATR 72, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ń sá nǹkan bíi kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Embraer 145 àti Boeing 737 ń sá ju 800 lọ tí wọ́n bá ti gòkè tán. Nítorí náà, ká ní bàálù tààrà tiẹ̀ wà láti Àkúrẹ́ sí Yólà, ATR máa sún mọ́ wákàtí méjì, kò ní jẹ́ kan ààbọ̀. Àmọ́ lójú ọ̀nà kúkúrú bíi Àkúrẹ́ sí Àbújá, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Bàálù tó yára kì í pẹ́ lókè tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kò ráyè lo eré rẹ̀. Ẹ fi wákàtí kan sí i, oríṣi yòówù kó jẹ́. Àbújá sí Yólà, ẹ fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i tó bá jẹ́ bàálù tó yára.

Àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà tí bàálù bá kúrò ní ìdúró rẹ̀ títí dìgbà tó bá dúró níbòmíràn ni wọ́n kà. Yíyípo lórí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, dídúró de àwọn tó ń darí ọkọ̀ lókè náà wà nínú rẹ̀. Àkókò tí èrò fi ń jáde àti tí ẹrù fi ń dé kò sí nínú rẹ̀. Ní Àbújá, gbígba ẹrù nìkan lè gba ogójì ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ oòrùn tún wà. Púpọ̀ nínú àwọn pápákọ̀ kékeré wa ò ní iná ojú pápá tó péye. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n ti tì í nìyẹn. Awakọ̀ òfurufú tó bá rí i pé òun ò ní bá ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò ní gbéra rárá. Ìdí nìyí tí bàálù ìrọ̀lẹ́ sí ìlú kékeré fi ń tètè di fífagilé ju ti òwúrọ̀ lọ: tó bá ti pẹ́ ní ìrìn àkọ́kọ́ àti ìkejì, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó bá kan ìrìn ìkẹta.

Ìyá Ìbejì Jìmétà

Ẹ kú oríire, Àrẹ̀mọ, ẹ bá mi kí ìyá ọmọ. Jìmétà, tó fara mọ́ Yólà, ni mò ń gbé, ó ti pẹ́. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ọkọ mi ló gbé mi wá síbí.

Ẹ̀rọ Òfurufú ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣíṣú, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Aago kan náà la jọ ń lò láti Àkúrẹ́ dé Yólà, àmọ́ oòrùn ò mọ aago. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Dígírì méje tí Onímàápù sọ yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń rin ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ilẹ̀ máa ń ṣú níbí ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú Àkúrẹ́. Ẹni tó jókòó sí Àkúrẹ́ á máa wo ìta pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, òkùnkùn ti kùn níbí. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé màmá dé Yólà lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ti ọ̀sán gangan ló wà, ẹ gbà á.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọyẹ́. Àsìkò rẹ̀ la wà yìí. Inú aṣálẹ̀ Chad, níbi tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ni púpọ̀ nínú eruku yẹn ti ń gbéra. Àwa la sún mọ́ ọn. Ó máa ń kàn wá kó tó kàn yín, ó sì máa ń nípọn lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ ò ní rí ilé tó wà ní òdìkejì títì dáadáa. Awakọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ lè rí ojú pápá dé ìwọ̀n kan kó tó lè balẹ̀. Tí kò bá rí i, á yí padà sí Àbújá tàbí kó má gbéra rárá. Ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì léra wọn. Mo ti rí ẹni tó jókòó sí Àbújá títí tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó tó torí ẹ̀ ń bọ̀ tán.

Nítorí náà, tí Ọjọ́bọ̀ bá jẹ́ ìsọmọlórúkọ, kí màmá má gbéra lọ́jọ́ Ọjọ́rú láéláé. Ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n jáde. Tí ọyẹ́ bá dá wọn dúró lọ́jọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun wà. Tó bá tún dá wọn dúró ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú ṣì wà. Tí kò bá sì dá wọn dúró, wọ́n á tètè dé wẹ ọmọ wọn, ìyá ọmọ á sùn. Ta ló pàdánù?

Oníṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ìdí kàńtà ni mo wà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó ń sunkún níwájú mi, ohun kan náà ló sì sábà máa ń fà á.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gbé èèyàn láti Àkúrẹ́ dé Yólà yàtọ̀ pátápátá sí tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló gbé màmá lọ́nà méjèèjì, tó sì jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ ọ́, tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ọ̀ràn wọn ni. Àwọn ló máa wá àyè fún màmá nínú bàálù tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ra Àkúrẹ́ sí Àbújá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, tẹ́ ẹ wá ra Àbújá sí Yólà lọ́wọ́ òmíràn, ẹni kejì ò mọ ohunkóhun nípa ẹni àkọ́kọ́. Ẹ pẹ́ dé, ó ti gbéra, owó ti lọ, tàbí kẹ́ ẹ san owó ìyípadà. Ẹ kọ́kọ́ wá ilé-iṣẹ́ tó ń ná méjèèjì. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má gbára lé ojú ìwé wọn nìkan, torí nígbà míì ètò orí ìkànnì ò ní so méjèèjì pọ̀ fún yín, àmọ́ ẹni tó wà ní kàńtà lè so ó.

Tó bá jẹ́ dandan kó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ fi ó kéré tán wákàtí mẹ́rin sí àárín wọn. Mo mọ̀ pé ó gùn fún àgbàlagbà. Màmá máa jáde, wọ́n á dúró gba ẹrù wọn, wọ́n á tún gbé e lọ sí kàńtà mìíràn láti wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún kọjá níbi àyẹ̀wò. Kàńtà sì máa ń tì ní ọgbọ̀n sí ìṣẹ́jú márùnlélógójì kí bàálù tó gbéra. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú wákàtí mẹ́rin, tẹ́ ẹ tún yọ pípẹ́ tí bàálù àkọ́kọ́ pẹ́, ohun tó kù kò pọ̀.

Sí Ọmọ Ìjàpọ̀: mo gbà pé bàálù pọ̀ ní Èkó. Àmọ́ ẹ rántí pé ibi méjì ni bàálù abẹ́lé ń lò ní Èkó, MM2 àti GAT. Tó bá jẹ́ pé MM2 ni màmá balẹ̀ sí, tí èyí tó ń lọ sí Yólà sì wà ní GAT, wọ́n máa jáde síta gbangba, wọ́n máa wọ táksí pẹ̀lú ẹrù wọn. Ní Àbújá, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ìyẹn nìkan tó láti yan Àbújá.

Ẹ wo ọjọ́ tí bàálù ń ná Àkúrẹ́ dáadáa. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni gbogbo ọ̀nà ń ní bàálù, wọ́n sì máa ń yí i padà lásìkò ọdún. Èyí tí ẹnìkan sọ fún yín lóṣù tó kọjá lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àrẹ̀mọ Ọ̀bà-Ilé (Jímọ̀, òwúrọ̀)

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí màmá. Wọ́n ní kí n kí Ìyá Ìbejì, pé àwọn máa wá kí wọn ní Jìmétà tí ọjọ́ bá pé.

Mo ti pe ilé-iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan ń ná Àkúrẹ́ sí Àbújá lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ ọ̀sán ló ń gbéra, bàálù Yólà ti lọ kó tó dé. Wọ́n ní kí màmá sùn sí Àbújá, kí wọ́n wọ ti òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, ìwé kan náà ni. Èkó ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wákàtí méjì àtààbọ̀ ló sì wà láàárín. Ọkàn mi ń lọ sí èyí tí wọ́n máa sùn sí Àbújá. Àǹtí wa kan ń gbé ní Lúgbẹ̀, ibẹ̀ ò jìnnà sí pápákọ̀.

Oníṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ gba ti Àbújá, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí méjì àtààbọ̀ ní Èkó pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ méjì, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pápákọ̀ ni Lúgbẹ̀ wà, wọn ò ní wọnú ìgboro rárá.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: òfin NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn òfurufú nílẹ̀ wa, fún èrò ní ẹ̀tọ́. Tí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún èrò ní omi àti ìpápánu. Tó bá di pé ìdádúró wọ aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin òru, ilé ìtura àti ọkọ̀ tó máa gbé wọn débẹ̀ wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò máa ń wà ní pápákọ̀ Àbújá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré fún màmá, kí wọ́n lè nawọ́ rẹ̀ sí ẹni tó bá jókòó tì wọ́n pé kó bá àwọn béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ara màmá, torí gbogbo wa ti ń sọ ti bàálù.

Ohun kìíní, oògùn. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú èyí tí wọ́n máa wọ̀n. Kí wọ́n mú èyí tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì ju iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò lọ. Àkọsílẹ̀ oògùn náà, kẹ́ ẹ fi fóònù yà á.

Àtẹ̀gùn ni ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní pápákọ̀ kékeré, èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀dà lọ bá bàálù ni, á wá gun àtẹ̀gùn wọlé. Ti ATR kúrú, ìpele díẹ̀ ni. Ti Boeing ga gan-an. Fún orúnkún tó ń dùn, sísọ̀kalẹ̀ ló máa ń le ju gígun lọ. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kẹ̀kẹ́ aláìlera fún màmá ní Àkúrẹ́, ní Àbújá àti ní Yólà. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Tó bá wà lórí ìwé, ẹnìkan máa dúró dè wọ́n, á bá wọn gbé báàgì, á sì mú wọn gba ibi àyẹ̀wò láìtò. Màmá lè ní àwọn kì í ṣe arọ. Ẹ rọra ṣàlàyé fún wọn pé ìrìn tó wà láàárín kàńtà àti ẹnu ọ̀nà jìn, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn.

Kí wọ́n béèrè ìjókòó etí ọ̀nà àárín, kí wọ́n lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Etí lè dí wọn nígbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tàbí kí wọ́n máa gbé itọ́ mì, á là. Kí wọ́n mu omi dáadáa, ọyẹ́ níta gbẹ, afẹ́fẹ́ inú bàálù náà gbẹ. Kí wọ́n sì wọ súwẹ́tà. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Yólà, ẹ jọ̀ọ́ Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Jìmétà

Ó máa ń tutù! Àwọn tó wá láti ilẹ̀ wa rò pé gbogbo ìgbà lókè ọya jẹ́ ooru. Lásìkò yìí, òwúrọ̀ àti òru máa ń tutù débi pé ètè á là, ọ̀sán á wá mú ganrínganrín. Kí wọ́n mú ìborùn tó nípọn, òrí sì wà lọ́jà wa fún ètè àti ẹsẹ̀.

Pápákọ̀ wa ò jìnnà sí Jìmétà rárá. Ọkọ àbúrò yín ni kó wá pàdé wọn fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù wà, àmọ́ màmá ò gbọ́ Fúlàní, wọn ò gbọ́ Haúsá, ẹrù sì wà lọ́wọ́ wọn. Kó sì máa bá àwọn tó wà ní pápákọ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Ìṣẹ́gun. Kó jáde síta ní aago méje, kó wo ojú ọ̀run. Tí eruku bá ti bolẹ̀, kó pè yín, kí màmá má tíì kúrò ní Lúgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ò ní sọ fún yín títí èrò á fi pé sí pápákọ̀.

Àrẹ̀mọ Ọ̀bà-Ilé

A ti ra á. Ọjọ́ Ajé, Àkúrẹ́ sí Àbújá, sùn sí Lúgbẹ̀, òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun sí Yólà, ìwé kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà tí wọ́n bá jáde nílé dìgbà tí wọ́n bá dé Yólà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ kan gbáko. Mo sọ fún ọkọ àbúrò mi kó má fi wákàtí kan ààbọ̀ yẹn sọ́kàn rárá.

Ohun tó kù ni ẹrù. Màmá ti di epo pupa ìdáajì kẹ́ẹ̀gì, oyin, orógbó, obì, ataare, ẹ̀wà, èlùbọ́, ọṣẹ dúdú, àti àdí àgbọn fún ọmọ. Àdí yẹn ni wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀.

Oníṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì

Orógbó, obì àti ataare, inú báàgì ọwọ́, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà, nínú èyí tí wọ́n máa wọ̀n. Epo pupa ni wàhálà. Tó bá jò, ó máa ba ẹrù gbogbo èrò jẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ kàńtà kì í gbà á nínú kẹ́ẹ̀gì lásán. Àwọn míì gbà á tí wọ́n bá fi ọ̀rá wé e lọ́nà mẹ́ta tí wọ́n sì fi páálí bò ó, àwọn míì ò gbà á rárá. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó jáde. Àdí ìgò kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa dáadáa, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, ẹ fi sáàárín aṣọ nínú èyí tí wọ́n máa wọ̀n. Ẹ béèrè iye kìlógíráàmù tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn gbà fún ìrìn méjèèjì, torí bàálù kékeré tó ń ti Àkúrẹ́ gbéra lè gba ẹrù tó kéré sí ti ńlá tó ń lọ sí Yólà. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ẹrù nílé.

Ìyá Ìbejì Jìmétà

Epo pupa wà lọ́jà Jìmétà, oyin náà wà. Kí màmá fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ gbé èlùbọ́ sí i. Èlùbọ́ gidi ni a ò rí rà níbí.